Bí Ìbíjọkẹ́ Ṣe Kọ́ Mi Ní ‘If’

Àwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń fi mí rẹ́rìn-ín pé òyìnbó ò yé mi. Èyí tó yé mi nínú rẹ̀ ti tó mi.

Ìwé orin ìsìn nìkan ni mo lè kà, ìka ni mo sì fi ń tọ̀ ọ́. Ní 1979, àdúgbò Kabong, lókè ọya, là ń gbé. Mò ń ta ìṣó fún àwọn káfíńtà ní ọjà Katako, ọkọ mi, Adébánjọ, jẹ́ akọ̀wé ní réluwé. Òun ló gbọ́ òyìnbó nílé wa, òun àti Ìbíjọkẹ́, àkọ́bí wa, tó ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kan mo yọjú wo ìwé rẹ̀, mo sì rí ọ̀rọ̀ kan tí mo dá mọ̀.

“Ìbíjọkẹ́, ta ni wèrè nínú ìwé yín?”

Ọmọ yìí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Haba, Màmá. Wọn kì í pè é ní wèrè. ‘If I were a bird’ ni. Tí mo bá jẹ́ ẹyẹ.”

“Ṣé ẹyẹ ni ọ́?”

“Rárá o.”

“Ẹni tí kì í ṣe ẹyẹ, tó ń sọ pé tí òun bá jẹ́ ẹyẹ, kí la ó ti pè é?”

Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mi nìyẹn. Ó ní ‘if’ kan wà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀: bí òjò bá rọ̀, a ò ní jáde. Òmíràn wà tó jẹ́ àlá lásán, irú ti ẹyẹ yẹn. Ó wá ku ti ‘had’.

“Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ‘if’, tí ‘had’ tẹ̀ lé e, Màmá, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn.”

“Àwa náà ní i. ‘Ì bá ti.’”

“Ẹ̀hẹ́n. Òun gan-an.”

Mo sọ ọ́ di eré. Tó bá fi àwo sílẹ̀ láìfọ̀, màá ní, “If you had…” Á ní, “Ẹ parí ẹ̀ ná.” Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń parí ẹ̀.

Ọyẹ́ mú lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àrùn yínrùnyínrùn sì wà nígboro. Ìbíjọkẹ́ jí láàárọ̀ Sátidé kan, ọrùn rẹ̀ ti le gan-an, kò lè wo ìmọ́lẹ̀. A gbé e dé ọsibítù kí oòrùn tó mú. Wọ́n gbé e wọ yàrá, wọ́n ní ká dúró síta. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mò ń wo ilẹ̀kùn yàrá náà.

Nígbà tó ṣe, dókítà jáde, ó fa Adébánjọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ohùn rẹ̀ ò lọ sókè. ‘If’ ni mo kọ́kọ́ gbọ́, mo sì bẹ Ọlọ́run nítorí ọ̀rọ̀ tó máa tẹ̀ lé e. Mi ò gbọ́ bó ṣe parí ẹ̀.

Adébánjọ padà wá bá mi. Ó ń nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń tún un nù.

“Dókítà ní tí oògùn bá ràn án, ara rẹ̀ á yá. Ó ní kí n mú ọ lọ sílé, kí o lọ sinmi.”

Ọkọ mi kì í purọ́. Kò mọ̀ ọ́n pa.

“Bàbá Ìbíjọkẹ́,” mo ní, “‘had’ ni mo gbọ́.”

Ó wò mí bí ẹni tí kò rí mi rí. “Ta ló kọ́ ọ?”

Mo nawọ́ sí ilẹ̀kùn yàrá náà. Wọ́n ti tì í.