Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Àwo

"Lọ́jọ́ tí mo kọrin ní Quva," Ummatali Hofiz wí, ó sì gbé ife tíì rẹ̀ kalẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì lè ráyè bá a parọ́, "ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Andijon ló dúró láàárín oko òwú. Awakọ̀ ní òun ò lọ mọ́. Àwọn èrò ní àwọn náà ò lọ mọ́. Kí n tó kọrin dé ìdajì, ọkọ̀ ti ń rìn padà sẹ́yìn, ó ń wá ibi tí ohùn mi ti ń bọ̀. Ẹ lọ béèrè! Àwọn kòkòrò tó ń tutọ́ sẹ́dà nínú gbogbo ilé ìlú yẹn hun aṣọ tán lọ́jọ́ náà, wọ́n rán an, wọ́n sì ṣẹ́ etí rẹ̀."

"Wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀!" Tíì gba imú Holmat oníbúrẹ́dì jáde. "Ummatali, ṣé wọn ò so bọ́tìnnì mọ́ ọn ni?"

"Bọ́tìnnì tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, níbo lo rò pé o ti rí i?"

Ilé tíì tó wà létí kòtò omi ní Oltiariq ni wọ́n jókòó sí, àwọn arúgbó tí eyín ti ń tán lẹ́nu wọn ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í tán. Gbogbo wọn mọ̀ pé irọ́ ni. Wọ́n sì tún mọ̀ pé irọ́ náà ní gbòǹgbò. Nígbà tí orí wọn ṣì dúdú, bí Ummatali àti Turdivoy bá dìde níbi ìgbéyàwó láti kọ orin ńlá, tí kálukú gbé àwo pẹrẹsẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu láti fi darí ohùn, tí ọ̀kan gbé e, tí èkejì gbà á lẹ́nu rẹ̀, láìsí ìlù, láìsí gìtá, láìsí iná mànàmáná, ajá tó ń gbó ní abúlé kẹta á tọrọ àforíjì.

Turdivoy ti kú, ó ti pẹ́. Láti ìgbà tó sì ti kú ni Ummatali ti ń sọ pé elégbè lásán ni. "Èmi ni iná," á ní. "Òun ni èéfín mi." Holmat yìí ni àbúrò Turdivoy.  Bó bá ti gbọ́ ìyẹn, á kàn máa wo ìsàlẹ̀ ife rẹ̀.

Bí wọ́n ti ń rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ni Elyor, ọmọ ọmọ Ummatali, wa ọkọ̀ kọjá, ó kó sípíkà tó tóbi ju màlúù tó lóyún lọ sẹ́yìn. Elyor ni gbogbo ọ̀dọ́ agbègbè náà ń pè síbi ìgbéyàwó. Aṣọ dídán ni, ijó ni, máìkì wúrà ni, ṣùgbọ́n orin ti wà nínú ẹ̀rọ látilé. Ẹnu lásán ló ń mì.

"Olórin ẹlẹ́nu ẹja!" Ummatali ké sí i. "Ẹnu rẹ ti dé Quva, ohùn rẹ ṣì ń wá bàtà rẹ̀ ní Namangan!"

Elyor yọ orí síta. "Baba, ẹ kú ìgbádùn o! Àwọn tó ń jó ò kúkú bínú."

"Báwo ni wọ́n á ṣe bínú, tí etí wọn ti kú! Jẹ́ kó di òwúrọ̀ ìgbéyàwó Zebiniso àbúrò rẹ. Kò sí máìkì! Àwo mi àti ọ̀fun mi! Ojú á ti sípíkà rẹ, á fúnra rẹ̀ bẹ́ sínú kòtò."

Àwọn arúgbó pàtẹ́wọ́. Elyor jùwọ́, ó lọ. Ummatali fi ife tíì bo ẹnu, torí pé, ẹ̀yin èèyàn mi, kò sí ọ̀fun kankan níbẹ̀.

Nígbà yìnyín ni ohùn náà lọ. Kò dágbére. Ummatali jí láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní kí òun fi orin kí oòrùn bí ìṣe òun, ohun tó jáde sì dún bí ilẹ̀kùn àgọ́ adìyẹ. Ó rò pé kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni. Ó mu oyin. Ó mu ọ̀rá ìdí àgùntàn ní gbígbóná. Ó mu tíì tó lè bomi rin oko òwú láti ibẹ̀ dé Marg'ilon. Lójoojúmọ́ ló ń lọ sẹ́yìn ilé màlúù lọ dán an wò, màlúù á sì jáwọ́ nínú koríko, á máa fi ojú àánú wò ó bí obìnrin tó wá kí aláìsàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ti fi ohùn dá ọkọ̀ ojú irin dúró, báwo ni yóò ṣe wá ní òun ò lè fi pe adìyẹ?

Ì bá sì rí irọ́ mìíràn fi bò ó, bí kì í bá ṣe ti Zebiniso. Nínú gbogbo ọmọ ilé, òun nìkan ló fẹ́ràn orin ńlá. Orí itan bàbá àgbà ló ti ń gbọ́ ọ sùn láti kékeré. Ọkọ tó ń fẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní Kòríà. Bí ìgbéyàwó bá ti parí, wọ́n ń lọ nìyẹn, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n á padà? Ọmọbìnrin náà ti sọ fún gbogbo ilé pé: "Nírọ̀lẹ́, kí Elyor fi sípíkà rẹ̀ fọ́ wa létí bó ṣe wù ú. Àmọ́ láàárọ̀, tí àwọn ọkùnrin bá ń jẹ ìrẹsì osh, ohùn Baba ni mo fẹ́ gbọ́ láti ojú fèrèsé. Òun ni mo fẹ́ gbé lọ."

"N ó kọrin títí òkè á fi sunkún," Ummatali ti dá a lóhùn. Ìlérí ti bọ́ lẹ́nu, kò ṣeé kó mọ́.

Bí ìgbéyàwó ti ku ọ̀túnla, lọ́sàn-án gangan, ó wọ yàrá Elyor. Ó fi aṣọ ìnujú wé nǹkan kan sí abíyá, bí ẹni tó jí ẹyin.

"Ti ilẹ̀kùn. Kí o sì rẹ́rìn-ín rẹ tán pátápátá kí n tó sọ̀rọ̀."

"Ẹ̀rín kí ni, Baba?"

Ummatali la ẹnu, ó gbé ìlà àkọ́kọ́ nínú orin rẹ̀. Ilẹ̀kùn àgọ́ adìyẹ ló dáhùn. Ó dúró kí Elyor bú sẹ́rìn-ín. Elyor ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló dùn ún jù. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá gbá a létí, ara ì bá sì tu àwọn méjèèjì.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìgbà yìnyín."

"Ẹ ò sì sọ."

"Ta ni kí n sọ fún? Ìwọ tí mo ń pè ní ẹlẹ́nu ẹja?" Ó tú aṣọ ìnujú náà. Kásẹ́ẹ̀tì ògbólógbòó kan ni. "Èmi àti Turdivoy nìyí. Yọ Turdivoy kúrò níbẹ̀, kí o fi èmi nìkan sílẹ̀. Sípíkà kékeré kan, lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tí mo máa dúró lé. N ó gbé àwo sẹ́nu. Ta ni yóò rí ẹnu mi?"

Elyor gba kásẹ́ẹ̀tì, ó ń yí i wò lọ́wọ́. "Àfi kí ẹ jókòó ká jọ gbọ́ ọ."

"Má tàn án níwájú mi." Ó yára sọ ọ́. "Tí mo bá ti lọ, kí o tàn án."

"Èwo wá ni ohùn yín nínú méjèèjì?"

"Kí lo wí?"

"Ẹ má bínú, Baba. Létí tiwa, ohùn àwọn bàbá ìgbà yẹn jọra ni. Bí ẹni ń gbọ́ àgùntàn méjì."

"Àgùntàn! Ọmọ yìí, èmi ni mo gbé ọ jó kí o tó léyín! Èyí tó dùn jù níbẹ̀, èmi nìyẹn! Ṣé ó tún yẹ kéèyàn máa la ìyẹn yé ọ?"

Ó fa ilẹ̀kùn gbàgà, ó lọ. Kò padà wá bi í bóyá ó ti ṣe é.

Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí oòrùn tó yọjú, gbogbo Oltiariq ti kún àgbàlá. Wọ́n gbé ìkòkò osh kan kaná, tó jẹ́ pé bí ọmọdé bá kó sínú rẹ̀, á ti hu irùngbọ̀n kó tó wẹ̀ dé etí. Àwọn ọ̀dọ́ jókòó lápá kan, wọ́n tẹjú mọ́ fóònù. Àwọn arúgbó jókòó lápá kejì, Holmat wà láàárín wọn, wọ́n ń fi ọwọ́ bu ìrẹsì. Lókè, kọ́tìnì fèrèsé ń mì. Zebiniso ti wà níbẹ̀.

Ummatali wọ ẹ̀wù gígùn rẹ̀, ó dé fìlà, ó gun orí kápẹ́ẹ̀tì. Ó kí àwọn àlejò. Ó wo Elyor tó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó sì gbé àwo sẹ́nu.

Ó mọ̀ ọ́n látinú èémí. Kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde, ní ìgbà tí olórin máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú kó tó gbé orin, ó mọ̀ pé èémí yẹn kì í ṣe tòun.

Turdivoy ni.

Ohùn náà jáde láti abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gòkè, ó ń lọ láìkánjú, bí omi tó mọ̀ pé kò sí oko tó lè ṣe aláìmu òun. Kí ni Ummatali ì bá ṣe? Ó ń mi ẹnu. Gbogbo ìkóríta orin náà ló mọ̀. Ó mọ ibi tó yẹ kí òun ti gbà á, ó sì la ẹnu dè é, ṣùgbọ́n Turdivoy fúnra rẹ̀ ló gbà á lọ́wọ́ Turdivoy. Wọ́n ti yọ èkejì kúrò. Wọ́n yọ ọ́ mọ́ tónítóní, bí ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí.

Ọ̀dọ́ kan gbójú kúrò lórí fóònù. Òmíràn náà gbójú. Láìpẹ́ gbogbo wọn ti dìde, wọ́n na fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò.

"Baba ò! Ẹ pa wá!"

"Ògidì ọ̀fun! Kò sí ẹ̀rọ ńbẹ̀ o, ẹ wò ó!"

"Níbo lẹ ti ń gbé ohùn yìí pa mọ́ fún wa sí!"

Ṣùgbọ́n lápá àwọn arúgbó, ọwọ́ ti dúró nínú ìrẹsì. Kò sí ẹni tó ń jẹun. Wọn ò wo Ummatali. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò. Holmat nìkan ló dìde, ìrẹsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, òróró ń ṣàn lọ sí ìgbọ̀nwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní.

"Holmat, jókòó," ẹnì kan sọ jẹ́jẹ́.

"N ò jókòó. Ohùn tó máa ń jí mi láràárọ̀ nígbà ayé rẹ̀ kí n tó lọ dáná búrẹ́dì, ẹ ní kí n má mọ̀ ọ́n?" Ó gun orí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi ọwọ́ olóròóró rẹ̀ mú àwo náà, ó sì fà á sísàlẹ̀.

Gbogbo àlejò rí ẹnu Ummatali. Ó ti pa á dé. Orin náà ṣì ń lọ.

Elyor pa ẹ̀rọ. 

"O ní ẹ̀rọ ti jẹ kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀gbọ́n mi," Holmat wí. Kò pariwo. Ì bá sàn kó pariwo. "Ìyá wa rìn wá bá ọ nígbà tí àìsàn fẹ́ gbé e lọ. Ó ní òun ò fẹ́ nǹkan mìíràn, kí o jẹ́ kí òun gbọ́ ọmọ òun lẹ́ẹ̀kan. O ní ẹ̀rọ ti jẹ ẹ́. O búra fún un, Ummatali. Kí ló dé?"

Ummatali wá irọ́ kan. Ẹni tí irọ́ ti ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bí eéṣú, ó wá ẹyọ kan péré, kò rí.

Elyor sáré wá sáàárín wọn. "Baba Holmat, ẹ má bínú sí i. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe àṣìṣe." Ó yíjú sí bàbá àgbà rẹ̀, omi ti lé ròrò lójú rẹ̀. "Ẹ ní èyí tó dùn jù, Baba. Mo gbọ́ méjèèjì dáadáa. Mo tún un gbọ́. Èyí tó dùn jù ni mo mú."



Kọ́tìnì òkè ṣí. Zebiniso yọjú pẹ̀lú ìbòrí ìyàwó. "Mo mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀yin," ó ní. "Baba, ẹ kọ ọ́ báyìí. Díẹ̀ péré. Bó ṣe wù kó rí, ohùn tiyín ni mo fẹ́."

Ó gbójú sókè wò ó. Ó fa èémí, ní tirẹ̀, ó la ẹnu, ó sì gbé orin náà. Ohun tó jáde ha, ó dá, ó tún ha. Ọ̀dọ́ kan rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ni, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ojú Zebiniso ò kúrò lára bàbá àgbà rẹ̀. Ó ń mi orí, ó ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ẹ máa bá a lọ. Kò tíì gbẹ́sẹ̀ kúrò lójú fèrèsé.

Ummatali ò lè bá a lọ. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kọ ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fi eré sí i. Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn lọ sí ilé tíì, ó fo ìdì igi ìdáná, ó gba àárín àwọn alásè kọjá, fìlà rẹ̀ já bọ́, kò bẹ̀rẹ̀ mú un, ó sì yọ sí ẹnubodè.

"Baba!" Elyor ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. "Baba, ẹ dúró!"

Ṣùgbọ́n Holmat di Elyor lápá mú. Ó ti jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó ń nu ọwọ́ sára ṣòkòtò. "Ọmọ mi," ó ní, "kí o tó lọ. Mo bẹ̀ ọ́. Tún un tàn fún mi."

Elyor wo ẹnubodè, ó wo arúgbó náà. Ó tẹ fóònù.

Ummatali ti dé etí kòtò omi nígbà tí ohùn Turdivoy gba orí ògiri kọjá, tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a bọ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó ń sá lọ.