Orógbó Ìyá Síkírù

Igi àjà tó já lu Síkírù lórí kò mú ẹ̀jẹ̀ kankan jáde. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bẹ̀rù. Káfíńtà ni, wọ́n ń kan òrùlé ilé-iṣẹ́ tuntun kan ní Ìkẹjà. Ó jókòó díẹ̀, ó fọwọ́ pa orí, ó rẹ́rìn-ín, ó sì gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ padà sí Agége.

Nídìí oúnjẹ alẹ́, ó pe Sùlíyá, ìyàwó rẹ̀, ní Rábí. Rábí ni àbúrò Síkírù tó ti kú. Sùlíyá rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Àmọ́ nígbà tílẹ̀ mọ́, Síkírù ò lè dìde. Ó ní orí ń fọ́ òun.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, tí wọ́n jọ ń gbé, gún orógbó, ó pò ó mọ́ oyin.

"Lọ́dọ̀ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó bá já bọ́ látorí ọ̀pẹ, èyí la fi ń dáàbò bo ọpọlọ rẹ̀," ó ní.

Sùlíyá kúnlẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbé e dé ọsibítù."

"Kí wọ́n lè la orí ọmọ mi bí àgbọn? Ibẹ̀ náà kọ́ ni Rábí kú sí?"

Sùlíyá dìde. Ó gba ṣíbí, ó ń fi orógbó náà bọ́ ọkọ rẹ̀. Lóòótọ́, ara Síkírù fúyẹ́ díẹ̀. Ó jẹun, ó béèrè omi. Sùlíyá fẹ́ gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ó rí i pé ọmọlójú rẹ̀ kan fẹ̀ ju èkejì lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, bí àwọn èèyàn ṣe ń lọ kírun, gìrì gbé Síkírù. Sùlíyá ò tún tọrọ àyè mọ́. Ó sáré pe Tìjání, aládùúgbò wọn tó ń wa ọkọ̀ tí wọ́n fi ń kó obì. Wọ́n tẹ́ Síkírù sórí àpò obì, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù ní Èkó. Ìyá náà wọkọ̀ tẹ̀lé wọn.

Àwọn dókítà ṣí i lórí, wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ dídì jáde. Lẹ́yìn náà, ìyá bi Dókítà Ọláwọlé, tó ṣe iṣẹ́ abẹ náà, bóyá orógbó òun ló mú ọmọ òun dúró.

"Mi ò mọ̀, Ìyá. Ó ṣeé ṣe kí nǹkan wà nínú rẹ̀ tó ń ṣọ́ ọpọlọ. Ẹ̀yin àgbà ò kàn lè máa sọ ọ́ lásán. Àmọ́ ẹ̀jẹ̀ ló dì sí i lórí. Orógbó ò lè kó ìyẹn kúrò."

"Ká ní a tètè gbé e wá ńkọ́?"

Dókítà wolẹ̀. "Ì bá sàn ju báyìí lọ."

Síkírù yè, àmọ́ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ò lè di òòlù mú mọ́, ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sì ń wọ́ nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ilé mọ́. Lọ́jọ́ kan, Sùlíyá bá a lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń sunkún.

"Ìwọ lo mọ ohun tó yẹ, èmi ni mo pa ọ́ lẹ́nu mọ́."

Ọ̀rọ̀ líle ti wà nínú Sùlíyá láti ọsibítù. Ó wo arúgbó náà, ọ̀rọ̀ náà ò jáde.

"Ìyá, èmi náà rò pé ó ń sàn ni," ó ní, ó sì jókòó tì í.

Síkírù yọ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fọwọ́ òsì tọ ògiri bọ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́ dìde lọ dì í mú. Sùlíyá rọra di ìró ìyá náà mú.

"Ẹ jẹ́ kó gbìyànjú, Ìyá."