Igun Tí Wọ́n Pa Lára Ṣíìpù

Nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ṣíìpù kọ̀ǹpútà, Ojú Àṣá ni wọ́n máa ń pe ìyàwó ayàwòrán kan. Òun ló ń yẹ àwọn àwo dídán wò, àwo tó tẹ́ pẹrẹsẹ bíi dígí, tí ṣíìpù tò sí lójú bí afárá oyin. Eruku lọ̀tá wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá pa àtíkè kò gbọdọ̀ wọlé.

Ọkọ rẹ̀ ń ya kàtúùnù nílé. Káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti darúgbó. Bó bá fẹ́ kí ẹyẹ kan fò, á wẹ̀, á jẹun, á tún rẹjú díẹ̀, kó tó padà dé, ẹyẹ ò tíì kúrò lórí igi. Owó káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n tù jọ. Ó fẹ́ fi ra èyí tó wà lórí àtẹ, torí kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tí tuntun máa jáde.

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n fi ń fa ilà tín-ín-rín sójú àwo kò tíì mọ́ wọn lọ́wọ́, igun kan sì ń bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ ṣíìpù. Àwọn ọ̀gá ti pinnu pé káàdì ńlá tuntun tí wọ́n fẹ́ fi ṣíìpù náà ṣe á dúró ná. Wọ́n á pa igun tó bàjẹ́ bí ẹni pa iná, kó má ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á fi ìyókù ṣe káàdì kékeré, òun ni yóò kọ́kọ́ jáde, kò sì ní wọ́n. Ṣùgbọ́n Ojú Àṣá ti búra pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ò ní tẹnu òun jáde.

Ní Sátidé tí ọkọ rẹ̀ wọ bàtà láti lọ sọ́jà, obìnrin náà ní fèrèsé ilé ìdáná ò pa dé dáadáa mọ́. Ó bọ́ bàtà, ó tún un ṣe. Sátidé kejì, ilẹ̀kùn ìyá ìyàwó ló ń han. Nígbà tó kan ẹsẹ̀ àga, ó gbé òòlù sílẹ̀.

“Ìyá wọn, ṣé ilé yìí ló ń wó ni, àbí o ò fẹ́ kí n ra káàdì?”

“Bàbá wọn, mi ò sọ nǹkan kan. Àga ló ń mì.”

Ọkùnrin náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló wá ìṣó lọ. Ẹni tó bá ti pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aya rẹ̀ á mọ ìdákẹ́jẹ́ tó lọ́rọ̀ nínú.

Kò pẹ́ tí ilé iṣẹ́ náà kéde káàdì kékeré. Ìgbà yẹn ni Ojú Àṣá tó tú gbogbo ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún un. Ọkọ ra káàdì, ó tẹ bọ́tìnnì, kó tó nawọ́ mú ife omi, ẹyẹ ti fò kọjá òkè.

Ó ní, “Alábùkù lẹ wá tà fún mi.”

“Igun tí ò dáa la pa, ìyókù pé. Ìgbà tí mo fẹ́ ọ, ṣé o rò pé mi ò rí igun tìẹ ni?”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ó fẹ̀yìn ti àga gbàgà. Àga ọ̀hún ò mì.