Ìlà Tí Àlùmọ́gàjí Gé

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀: Sístà Aránṣọ kì í ṣe òpùrọ́. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó kọ́kọ́ jókòó gbọ́ tẹnu mi. Obìnrin náà ti pé ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, ó ṣì ń fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ láìlo awò, gbogbo aṣọ tí àwọn sístà márààrún ilé wọn ń wọ̀ lọ sí Mísà, ọwọ́ rẹ̀ ló ti jáde. Nǹkan kan ṣoṣo ló wà tí kò tíì sọ fún Fáda rí nígbà tó bá lọ jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀, nítorí kò dá a lójú pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan ló gé kúrò nínú lẹ́tà. Ọ̀rọ̀ kan péré.

Lẹ́tà náà wà nínú férémù lára ògiri pálọ̀ wọn, lókè àga Mọ́dà, olórí wọn. Mọ́dà Àkọ́kọ́, ìyẹn obìnrin tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, ló sọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí àìsàn ti dá a dùbúlẹ̀. Sístà Aránṣọ ló taípù rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni nígbà yẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sọ́dọ̀ wọn, òun nìkan ló sì mọ ẹ̀rọ taípù lò. Ẹ̀rọ yẹn ò mọ àmì ohùn, kò mọ àmì abẹ́ lẹ́tà, orí pípá ni ọ̀rọ̀ máa ń gbé jáde níbẹ̀. Báyìí ni ìparí lẹ́tà náà ṣe lọ: "Awon ti ko ni enikan, e ko won mora." Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn, "mora", kò rí àyè lórí ìlà, ó bá bọ́ sísàlẹ̀, ó dá dúró níbẹ̀ lóun nìkan.

Mọ́dà Àkọ́kọ́ kú kó tó ráyè fọwọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n ra férémù dé, férémù kúrú, ìlà kan péré ló sì fi kúrú. Ẹ kúkú mọ aránṣọ. Ó mú àlùmọ́gàjí, ó gé ìlà kékeré yẹn sọnù, ó ní ta ni ò mọ ìparí ẹ̀, ṣebí gbogbo wa la gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá. Ó fi ègé ìwé náà sínú ìwé àdúrà rẹ̀, ó ń fi í dá ojú-ewé mọ̀.

Kò rò ó pé àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá máa tètè kú tán, tó máa ku òun nìkan. Àwọn tó wá lẹ́yìn, ojú ni wọ́n fi kà á. Wọ́n rí "e ko won", wọ́n sì kà á bí ẹni tó lọ síléèwé ṣe máa kà á: Ẹ kọ́ wọn. Àwọn tí kò ní ẹnìkan, ẹ kọ́ wọn. Àbí kò mọ́gbọ́n dání? Wọ́n bá kọ́ ilé-ìwé. Yàrá méjì di mẹ́fà, mẹ́fà di méjìlá. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Sístà Aránṣọ fẹ́ la ẹnu, wọ́n ti ń da kọnkéré sí ìpìlẹ̀. Ìgbà kejì, àwọn ọmọ ti kún inú ọgbà, wọ́n ń kọrin, òun fúnra rẹ̀ ló rán yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n wọ̀. Ta ló máa dúró níwájú igba ọmọ kó ní àṣìṣe ni yín? Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì títí ó fi pé ọdún méjìléláàádọ́ta tó ti gé e.

Ayé wá yí. Ìjọba kọ́ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sí òdìkejì ọ̀nà, wọ́n kó kọ̀ǹpútà sínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ń lọ sí ìlú ńlá, wọ́n ń lọ sókè òkun, wọ́n ń kó ọmọ wọn dání. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọmọ mọ́kànlá ló ṣẹ́kù sínú yàrá méjìlá, olùkọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá àga sọ̀rọ̀. Bíṣọ́ọ̀bù bá kọ̀wé. Ìwé jẹ́jẹ́ ni, kò sí ìbínú níbẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n jọ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ tí Ọlọ́run fi rán wọn ti parí. Bó bá ti parí, àwọn ẹgbẹ́ sístà mẹ́ta ti ṣe tán láti gbà wọ́n: Mọ́dà àti Sístà Kékeré síbì kan, Sístà Nọ́ọ̀sì àti Sístà Alásè síbòmíràn, Sístà Aránṣọ sí ilé àwọn sístà arúgbó, níbi tí odò kan ń ṣàn lẹ́yìn ilé. Ó fẹ́ gbọ́ èsì kó tó di alẹ́ Fúráìdé.

"Odò?" ni Sístà Aránṣọ wí. "Ṣé wọ́n fẹ́ kí n máa lúwẹ̀ẹ́ ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, òun ò rẹ́rìn-ín. Ó ti bá àwọn obìnrin mẹ́rin yìí gbé débi pé ó mọ ìró bàtà kálukú lórí àtẹ̀gùn. Kò fẹ́ lọ kú sáàárín àlejò. Ó mọ̀ pé ègé ìwé tó wà nínú ìwé àdúrà òun lè dá ọwọ́ ọ̀rọ̀ yìí dúró. Ó sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ náà máa dùn dọ́kàn. Mọ́dà ti fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ nínú ilé-ìwé yẹn. Ibẹ̀ ló ti jẹ́ ọmọ ilé-ìwé kó tó di sístà, ibẹ̀ ló ti di ọ̀gá, "Ẹ kọ́ wọn" ló sì fi ń parí gbogbo àdúrà rẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa wo ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó sọ fún un pé férémù tó kúrú ló pè é síṣẹ́?

Ọjọ́rú ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Àṣà wọn ni pé ẹni tó bá di àbẹ́là mú nìkan ló ń sọ̀rọ̀, àwọn tó kù kì í fèsì, wọ́n kàn ń gbọ́.

Mọ́dà ló kọ́kọ́ mú àbẹ́là. Ó ní, "Ẹ gbójú sókè kí ẹ kà á. 'Ẹ kọ́ wọn.' A ti kọ́ wọn. Nọ́ọ̀sì wà nínú wọn, awakọ̀ wà nínú wọn, lọ́yà kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí kì í kí èèyàn. Iṣẹ́ tó bá ti parí, ẹ jẹ́ ká dúpẹ́, ká gbé ọwọ́ kúrò." Ó na àbẹ́là sí Sístà Nọ́ọ̀sì.

Sístà Nọ́ọ̀sì ní ohun tí Mọ́dà bá rí ni òun náà rí. Sístà Alásè, tí etí rẹ̀ kan ti di, ní, "Ibi tí wọ́n bá ní kí n ti máa dáná, mo máa dáná níbẹ̀. Àmọ́ ìkòkò mi, mò ń gbé e lọ." Ó kan Sístà Kékeré, tí kò tíì pé ọdún márùndínlógójì.

"Ìbéèrè ni mo ní," ló wí. "'Àwọn tí kò ní ẹnìkan.' Ṣé ọmọdé nìkan ni? Nítorí láràárọ̀, kí n tó ṣí ilé-ìwé, arúgbó mẹ́sàn-án ló máa ti jókòó sí fàráńdà wa. Ọmọ wọn wà lókè òkun. Wọ́n ní ariwo àwọn ọmọ ilé-ìwé làwọn ń wá gbọ́. Àmọ́ a ò lè kọ́ arúgbó ní ABD, mi ò wá mọ ohun tí lẹ́tà yẹn ní ká ṣe fún wọn."

Àbẹ́là dé ọwọ́ Sístà Aránṣọ. Ó dì í mú títí ìda rẹ̀ fi kán sí i níka. Gbogbo ọ̀rọ̀ ti dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ó wo Mọ́dà, ó ní, "Mi ò tíì ní nǹkan í sọ."

Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Mo rántí ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ ìtàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ sí fàráńdà. Bàbá Aláàgo ti ń dúró dè é. Ọ̀gbẹ́ni yìí ti tún aago gbogbo àdúgbò ṣe rí, kí ojú rẹ̀ tó di bàìbàì. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ máa ń já, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Sístà Aránṣọ ń rán an padà. Lọ́jọ́ yìí, ó yí ẹ̀wù náà sójú oòrùn, ó wo ìdí òwú dáadáa.

"Bàbá, bọ́tìnnì yìí ò já. Abẹ ni wọ́n fi gé e."

Bàbá Aláàgo rẹ́rìn-ín bí ọmọ tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò. "Mọ́ńdè ni mo máa ń gé e, Sístà. Ilé ti dákẹ́ jù. Èèyàn ò kúkú lè máa wá sílé onílé láìní ìdí." Nígbà tó yá, ó tún ní, "Wọ́n ní ẹ ń lọ."

Sístà Aránṣọ fi òwú ìlọ́po méjì bọ abẹ́rẹ́, ó rán bọ́tìnnì náà. Àánú bàbá náà ṣe é, ojú ara rẹ̀ sì tì í, nítorí ó rí i pé ibi tí bàbá yìí ti ń gé nǹkan kó lè wọlé, òun ti gé ọ̀rọ̀ kan tí ì bá ti ní kó wọlé láti ọjọ́ yìí wá.

Lọ́sàn-án, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó dáadáa, ó ti mú àbẹ́là.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kì í ṣe irọ́, ó kàn kù díẹ̀ kó pé ni. Mọ́dà Àkọ́kọ́ ò sọ pé ẹ kọ́ wọn. Ó ní ẹ kó wọn mọ́ra. Férémù ló kúrú. Èmi ni mo gé e." Ó ṣí ìwé àdúrà, ó gbé ègé ìwé náà sórí tábìlì. Ó ti pọ́n, ṣùgbọ́n "mora" ṣì hàn gbangba.

"Kí ló ní wọ́n gé?" ni Sístà Alásè bi wọ́n. Sístà Nọ́ọ̀sì tẹ ẹnu mọ́ ọn létí, ó ṣàlàyé fún un. Kò sẹ́ni tó rántí pé ẹni tó bá di àbẹ́là mú nìkan ló yẹ kó sọ̀rọ̀.

Mọ́dà dìde. Ó mú ègé ìwé náà, ó gbé e sí abẹ́ lẹ́tà tó wà lára ògiri. Ojú ibi tí àlùmọ́gàjí gbà bá ara mu régí. Ó wò ó títí. Ó wá rọra gbé e padà sórí tábìlì, ó jáde.

Sístà Aránṣọ lọ jókòó sí yàrá ìránṣọ. Ó ń retí kí wọ́n wá bú u. Kò pẹ́ tó fi gbọ́ ìró bàtà tó mọ̀. Mọ́dà wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ọdún méjìléláàádọ́ta," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mọ́dà."

"Inú ń bí mi sí yín."

"Ó yẹ kó bí yín."

"Ó ṣì máa bí mi títí di Sọ́ńdè, lẹ́yìn Mísà. Kí ẹ ti mọ̀." Ó fa àpótí kékeré tí àwọn ọmọ máa ń gùn tí wọ́n bá fẹ́ wọn aṣọ, ó jókòó lé e, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n mú mi wá?"

"Ọmọ ọdún méje ni yín. Ìyá yín ṣẹ̀ṣẹ̀ kú. Ẹ ò sunkún. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù."

"Ẹ rán yunifọ́ọ̀mù fún mi. Ó gùn, ẹ ò gé e, ẹ ṣẹ́tí rẹ̀ sókè tó ìbú àtẹ́lẹwọ́. Mo bi yín pé kí ló dé. Ṣé ẹ rántí ohun tí ẹ fi dá mi lóhùn?"

Kò rántí. Aṣọ tó ti rán ti pọ̀ jù.

"Ẹ ní, 'A kì í gé aṣọ ọmọ tó máa dàgbà níbí.' Kó tó dìgbà yẹn, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn ẹbí ń gbé mi fún ara wọn. Ìgbà tí mo gbọ́ 'níbí' yẹn ni mo tó lọ sẹ́yìn ilé, tí mo sunkún fún ìyá mi. Lọ́dọọdún lẹ sì ń tú etí aṣọ yẹn wálẹ̀ fún mi." Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ti yé mi báyìí. Ọjọ́ yẹn, ẹ ò kọ́ mi ní nǹkan kan. Ẹ kó mi mọ́ra ni. Ẹ ti ń ṣe é tipẹ́. Inú ìwé nìkan lẹ ti gé e kúrò."

"Ọmọ mi," ni Sístà Aránṣọ wí. Ọdún tó ti pè é bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn ti pẹ́, nítorí ẹni tó bá di ọ̀gá èèyàn, a máa ń ṣọ́ ẹnu lọ́dọ̀ rẹ̀. Wọ́n di ọwọ́ ara wọn mú, wọ́n sunkún, kò sí ẹni tó sọ fún ẹnìkejì pé kó dákẹ́.

Ní Fúráìdé, àwọn márààrún jọ kọ èsì sí Bíṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn kò tíì parí, ìdajì rẹ̀ làwọn kà. Kí ọmọ mọ́kànlá náà máa kàwé lọ ní yàrá méjì, kí yàrá mẹ́wàá tó kù di ti àwọn tó ń jókòó sí fàráńdà, kó sì jẹ́ kí àwọn wà pa pọ̀. Sístà Alásè ní kí wọ́n kọ ọ́ sí i pé ìkòkò ò ní lọ síbì kankan. Wọn ò kọ ọ́.

Ó ku lẹ́tà ara ògiri. Sístà Aránṣọ lẹ "mora" padà sí ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n férémù ò tíì gùn sí i láti ọjọ́ yẹn. Sístà Kékeré ní kí wọ́n ra òmíràn.

"Kí la fẹ́ rà?" ni Mọ́dà wí. "Ẹ ṣẹ́tí òkè."

Òkè yẹn, orúkọ gígùn ẹgbẹ́ wọn ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú oyè àti déètì. Sístà Aránṣọ ṣẹ́ ẹ sẹ́yìn, ó fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọ férémù wẹ́kú. Kí Mọ́dà tó dé gíláàsì lé e, ó fa báírò pupa yọ, èyí tó fi ń máàkì iṣẹ́ àwọn ọmọ, ó fi àmì sórí "ko", kò fi kankan sábẹ́ rẹ̀, ó fi àwọn àmì tó kù síbi tó yẹ kí wọ́n wà.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Bíṣọ́ọ̀bù fèsì. Ó fún wọn ní ọdún méjì kí wọ́n fi gbìyànjú rẹ̀ wò. Ọdún méjì kì í ṣe títí láé, àmọ́ ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin kì í fi ọdún méjì ṣeré. Sístà Aránṣọ ka ìwé náà tán, ó gbé àpótí abẹ́rẹ́, ó bọ́ sí fàráńdà.

Bàbá Aláàgo ti dé. Kò tíì gbọ́. Bọ́tìnnì mẹ́ta ló gé lọ́tẹ̀ yìí, torí ó rò pé wọ́n máa tó lọ. Sístà Aránṣọ na ọwọ́ sí i títí bàbá náà fi yọ abẹ kékeré náà nínú àpò, tó gbé e lé e lọ́wọ́.

"Ẹ má gé bọ́tìnnì mọ́, Bàbá," ló wí. "Ẹ ṣáà máa bọ̀."

Ó ju abẹ náà sínú àpótí, ó fa àga ti tiẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki òwú bọ abẹ́rẹ́.