Kòkòrò Inú Páálí

"Ìyá Mùílì, ẹ má purọ́ fún mi. Ta ló fún yín ní kanni?"

Ìyá Mùílì, tó ti ń dáná fáwọn ọmọ iléèwé náà láti ọdún mẹ́sàn-án, wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú tábìlì Ìyáàfin Adébóyè, ọ̀gá iléèwé. Ọ̀gá náà ò tó àkọ́bí ìyá náà lọ́jọ́ orí. Hajarat, tíṣà àwọn ọmọ ọlọ́dún márùn-ún, dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Inú páálí ni mo ti bá a nílé ìdáná, mà. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n gbé e wá. Mo ṣe é mọ́, mo bọ̀ ọ́, mo dín in, mo fi lé ìrẹsì àwọn ọmọ lórí."

"Páálí ta ni?"

"Mi ò mọ̀, mà."

"Páálí kàn fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wọlé? Ọmọ ọlọ́mọ wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ojú ẹ̀ ti wú dí, ẹ ń sọ pé ẹ ò mọ̀!"

Hajarat mọ̀. Òun ló ni páálí. Bàbá rẹ̀ ló bá a kó àwọn kòkòrò jíjẹ tí wọ́n ń pè ní kanni lórí igi èmí l'Ìkòyí-Ilé, bí ọgbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko làwọn ọmọ fi ń fún wọn ní ewé láràárọ̀, tí wọ́n ń ka ẹsẹ̀ wọn, tí wọ́n ń fi òwú wọ̀n bí wọ́n ṣe gùn tó. Àwọn ọmọ tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ á dákẹ́ lọ gbári, kí wọ́n lè gbọ́ bí kòkòrò ṣe ń jẹ ewé. Inú Hajarat a máa dùn débi pé á gbàgbé pé ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ lòun ń ṣe. Ní táàmù tó kọjá, nígbà tí tanpẹ́pẹ́ gé ọmọ kan jẹ, Ìyáàfin Adébóyè ti là á mọ́lẹ̀ pé tíṣà tó bá tún kó kòkòrò wọ kíláàsì, ilé ló ń lọ. Abẹ́ tábìlì ni Hajarat ń fi páálí pamọ́ sí.

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà ló da gbogbo rẹ̀ rú. Òrùlé kíláàsì ń jò, omi ń kán sórí páálí. Hajarat sáré gbé e sílé ìdáná, ó padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ, kò sọ fẹ́nì kankan. Kanni ò sì í ṣe ohun tí obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ bíi Ìyá Mùílì ń bá nílé ìdáná kó máa wádìí ẹni tó ni ín. Ata àti iyọ̀ ni yóò máa wá. Àwọn ọmọ jẹ ẹ́, wọ́n ń lá ọwọ́, àfi Ìtẹ́olúwa tí ara rẹ̀ kọ̀ ọ́.

"Dókítà ní ojú ẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀," ni Ìyáàfin Adébóyè wí, "ṣùgbọ́n ìyá ẹ̀ ò ní gbà. Ìyá Mùílì, ẹ lọ palẹ̀ ẹrù yín mọ́. Àgbà tó ń purọ́ ò lè bá mi ṣiṣẹ́."

"Ẹ lé mi tẹ́ ẹ bá fẹ́, mà. Ẹ má kàn pè mí lópùrọ́ lójú ọmọdé."

Ọdún méjì ni Hajarat fi wáṣẹ́ kó tó rí eléyìí. Ó ń sọ lọ́kàn pé Mùílì wà n'Íbàdàn, kò ní jẹ́ kí ebi pa ìyá rẹ̀. Èrò náà tì í lójú.

"Èmi ni mo ni páálí, mà," ó ní. "Kòkòrò tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ ni. Èmi ni mo gbé e síbẹ̀."

Ìyáàfin Adébóyè bọ́ awò ojú rẹ̀. "O rántí ohun tí mo sọ ní táàmù tó kọjá?"

"Mo rántí, mà. Màá gba ọsibítù lọ, kí n ṣàlàyé fún ìyá Ìtẹ́olúwa, kí n tó máa lọ sílé."

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbé Ìyá Mùílì dìde. Ìyá náà gbọn ọwọ́ rẹ̀ dànù. Ó di tábìlì mú, ó fira rẹ̀ dìde díẹ̀díẹ̀, ó wá kọjú sí i.

"Hajarat, látìgbà tí mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀ yìí, o mọ̀?"

Hajarat fẹ́ sọ pé ẹ̀rù ló ba òun. Ó kúnlẹ̀.

"Mo mọ̀, mà."