Ògiri Tó Tẹ̀ ní Ìtàjí

Fún odidi ọdún mẹ́rin, Ògúndàmọ́lá bíríkìlà kò fẹ́ gbọ́ orúkọ Ìtàjí sétí. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé ńlá kan sí fún àwòrán àti ère àwọn oníṣẹ́ ọnà òde òní, òun ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ ògiri rẹ̀ fún. Àmọ́ ẹni tó ya ilé náà sórí ìwé, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Elizabeth, ní kí ó mọ ògiri kan kí ó tẹ̀ bí ẹ̀yìn ìgbín, kí ó sì dá ihò wẹ́wẹ́ sí i lára. Ó mọ ọ́n dé orúnkún, Elizabeth ní kò tíì tẹ̀ tó, kí wọ́n wó o. Ni Ògúndàmọ́lá bá gbọn sìmẹ́ńtì ọwọ́ rẹ̀ nù níṣojú gbogbo òṣìṣẹ́.

"Ọmọ yìí, lọ wá ọkọ fẹ́! Ògiri tó tẹ̀ kì í rí òjò kejì."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn ẹlòmíràn ló parí rẹ̀.

Ní ọdún 2003, wọ́n gbéṣẹ́ fún Mobọ́lá ọmọbìnrin rẹ̀, tó ní sítúdíò fọ́tò ní Ìkọ̀lé, pé kí ó wá ya ilé náà tinú-tòde fún ìwé kan tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ibà dá ẹni tó ń bá a di àkàbà dùbúlẹ̀, ló bá lọ bẹ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ kàn bá mi di àkàbà ni. Bí ẹ kò bá fẹ́ wo ilé, ẹ má wò ó."

"N ò ní wò ó," ni Bàbá wí.

Wọ́n gba àárín àwọn ère igi àti àwòrán ràgàjì kọjá, Bàbá kò yà sọ́dọ̀ ọ̀kan. Bí wọ́n ti yí igun kan báyìí, ògiri náà ló dúró níwájú rẹ̀. Òjò ọdún mẹ́rin ti lù ú, kò lanu níbì kankan. Oòrùn àárọ̀ ń gba inú ihò wọlé, ìmọ́lẹ̀ tò sílẹ̀ bí àgbàdo tí wọ́n sá.

Mobọ́lá gbé kámẹ́rà kalẹ̀. "Bàbá, ẹ yẹra díẹ̀, ẹ ti wà nínú fọ́tò."

Bàbá kò gbọ́. Ó ń fi ọwọ́ pa ògiri, ó ń fi ìka kàn án kó kó kó, ó ń wá àléébù kan, ó kéré tán ẹyọ kan, tí òun yóò fi lè sọ pé òun ti wí bẹ́ẹ̀. Kò rí i.

Elizabeth ló wọlé dé, ó wá fi ibi tó fẹ́ kí wọ́n yà han Mobọ́lá. Ó rí Bàbá, ó kúnlẹ̀ kí i.

"Ẹnjiníà," Bàbá ní, "uṣẹ́ yìí dára. Kò wó."

"Kò wó, sà."

"Lọ́jọ́ tí mo lọ, kí lo ṣe?"

"Mo wọ inú mọ́tò, mo sunkún, sà. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni. Mo ní bóyá òótọ́ lẹ sọ. Ọ̀sẹ̀ méjì ni n kò yọjú síbí."

Látọjọ́ yìí, Ògúndàmọ́lá rò pé òun nìkan ni wọ́n dójú tì. Kò ronú rí pé ẹni tó pàṣẹ fún òun lè sunkún. Ó wo Mobọ́lá, ọmọ tirẹ̀, tó ń gun àkàbà kiri nídìí iṣẹ́. Bí ẹnì kan bá sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn sí i ńkọ́? Ó ṣí fìlà.

"Mo ṣi ọ̀rọ̀ sọ sí ọ, ọmọ mi. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Háà, Bàbá! Ẹ dé fìlà yín, ó ti tán." Àmọ́ ó fi etí gèlè nu ojú. Nígbà tó yá ló ní, "Bàbá, omi kan ń yọ́ wọlé lẹ́yìn lọ́hùn-ún. A ò mọ ibi tó ń gbà."

"Níbo? Ta ló mọ ògiri ibẹ̀? Mobọ́lá, àkàbà!"

"Bàbá, mo ń lò ó!"

Wọ́n ti gbé e lọ, Bàbá níwájú, Elizabeth lẹ́yìn. Bàbá gun ẹ̀gbẹ́ òrùlé, ó rí ibi tó là, wọ́n sì jiyàn dáadáa lórí bí wọn yóò ṣe dí i. Nígbà tí wọ́n fi padà, ìmọ́lẹ̀ ti kúrò nílẹ̀ pátápátá. Mobọ́lá ká ọwọ́ gbera lórí bẹ́ǹṣì.

"Bàbá, ẹ ti ba iṣẹ́ òní jẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́."

"A ó padà wá lọ́la," Bàbá ní. "Mo ti ní kí wọ́n ra sìmẹ́ńtì."