Ojú Kan Lójoojúmọ́

Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí a sin àbúrò mi ni ọkọ rẹ̀ ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ ọ lẹ́nu aládùúgbò kan, mo ní irọ́ ni. Ìgbà tí mo fi ojú ara mi rí i láti ẹ̀bá títì, tó jókòó sídìí ọ̀dà, tó ń kun pátákó bíi pé kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀, inú bí mi débi pé n kò lè kí i. Mo yí padà, mo lọ gbé ọmọ tí àbúrò mi fi sílẹ̀, mo pọ̀n ọ́n, mo gba ilé mi lọ. Àìsàn ọjọ́ díẹ̀ ló mú ìyá rẹ̀ lọ, ọmọ náà kò tíì pé oṣù méjì. Láti ọjọ́ yẹn ló ti wà lọ́wọ́ mi.

Ayàwòrán pátákó ni ọkọ àbúrò mi. Òun ló kọ orúkọ sára ilé ìwé, òun ló ya eyín funfun sára ògiri oníṣègùn eyín, òun ló ya orí tí irun rẹ̀ gún régé fún gbogbo onígbàjámọ̀ àdúgbò wa. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń pè é, títí kan àwọn tó mọ orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ojú tó ti yà, kò ya ti ìyàwó rẹ̀ rí. Àbúrò mi kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wo òun lọ títí. Bí èèyàn bá gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò, ọwọ́ rẹ̀ á ti dé iwájú ojú kí olúwarẹ̀ tó tẹ nǹkan. Ọwọ́ rẹ̀ ló kún inú fọ́tò wa. Èyí tó kù ni ti káàdì ìdánimọ̀, ẹ sì mọ bí fọ́tò káàdì ṣe máa ń rí: kò jọ òun, kò jọ ẹlòmíràn, ó kàn jọ ẹni tí ọlọ́pàá mú ni.

Nígbà tí Búrọ́ọ̀ṣì kọ́kọ́ wá wo ọmọ rẹ̀ lọ́dọ̀ mi, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, kò jókòó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo mọ̀ pé inú ń bí yín sí mi. Mo fẹ́ máa ya ojú ìyàwó mi ni. Pátákó kékeré, ẹyọ kan lójúmọ́, títí ọdún á fi yí po. Ọmọ yìí ò ní mọ̀ ọ́n. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kó rí i."

"Ṣé ọ̀dà ló máa fún un lọ́mú ni?" Mo dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, mo wọ yàrá lọ.

Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá. Bó bá ti wọlé, èmi á bọ́ sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi, n ó máa fi ẹsẹ̀ wà á kíkankíkan kí ariwo rẹ̀ lè bo ohùn ọkùnrin náà mọ́lẹ̀. Mo mọ̀ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ a máa wá ẹni tó máa bá jà, òun ni tèmi rí.

Ohun tó gbé mi dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ nìyí. Ọmọ ti ń rákò, eyín ti yọ lẹ́nu rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń gba ìwọ̀n ejìká oníbàárà kan, ọmọ rákò wá, ó di etí aṣọ mi mú, ó gbójú sókè wò mí, ó ní, "Màmá." Oníbàárà mi bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó mà ti mọ̀ ọ́n pè o!" Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó fi pè mí yẹn kì í ṣe tèmi. Ẹni tó ni ín wà nínú ilẹ̀, kò sì sí ohun kan nínú ilé mi tí mo lè nawọ́ sí kí n sọ pé, òun nìyẹn, òun ni kí o máa pè bẹ́ẹ̀.

Mo gbé ọmọ fún aládùúgbò mi, mo gbé ìbínú mi tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo lọ bá Búrọ́ọ̀ṣì kó fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn pátákó rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òórùn ọ̀dà àti kẹrosíìnì ló kọ́kọ́ kí mi. Búrọ́ọ̀ṣì kò sí níwájú, mo ń gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé tó ń fi ayùn gé pákó. Àwọn pátákó náà wà lára ògiri, wọn kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì láti ẹnu ọ̀nà lọ yí ilé ká. Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ wò. Àbúrò mi ni. Kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́ o, òun gan-an ni, pẹ̀lú ìpéǹpéjú òsì tó máa ń wálẹ̀ díẹ̀ bó bá ń gbọ́ irọ́, àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó kún bíi ti ẹni tó fi oúnjẹ pamọ́ sẹ́nu. Mo jókòó sórí agolo ọ̀dà, mo sunkún. N kò tíì sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti túfọ̀ rẹ̀ fún mi. Gbogbo èébú tí mo ti bú ọkùnrin yìí nínú mi, mo kó wọn jẹ.

Nígbà tó yá, mo dìde, mo ń tẹ̀ lé ògiri. Pátákó kejì, òun ni. Ẹ̀kẹta, òun ni. Mo rìn díẹ̀ sí i, mo dúró. Nǹkan kan ti ṣe àgbọ̀n rẹ̀. Mo ní bóyá omijé ló ń mú ojú mi ṣe bàìbàì. Mo tún rìn. Ìpéǹpéjú òsì ti gbéra sókè, méjèèjì ti bára dọ́gba. Nígbà tí mo dé igun ilé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti fọn. Lẹ́bàá fèrèsé, imú ti gùn. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: kò sí pátákó kan tí èèyàn lè nawọ́ sí pé ibí ló ti yàtọ̀. Mo kàn ń rí i bí àbúrò mi ṣe ń lọ ni. Nígbà tí mo fi máa dé ìdí èyí tó kẹ́yìn, èyí tí ọ̀dà rẹ̀ kò tíì gbẹ, obìnrin tó ń wò mí láti ara ògiri, n kò mọ̀ ọ́n rí. Ó rẹwà o. Ṣùgbọ́n n kò mọ̀ ọ́n.

Búrọ́ọ̀ṣì wọlé pẹ̀lú pákó tuntun lábíyá. Bó ṣe rí mi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ káàbọ̀, mà. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n nu àga..."

"Ta nìyí?"

Ó wo ibi tí mo nawọ́ sí. "Ìyàwó mi ni."

"Ìyàwó rẹ wo? Mo ní ta nìyí?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bá mi ṣe irú eré yìí."

"Ṣé ojú eré lo rí lójú mi?"

Mo já pátákó àkọ́kọ́ kúrò lára ìṣó, mo já ti ìkẹyìn náà tòun ti ọ̀dà tútù, mo gbé méjèèjì sórí tábìlì rẹ̀. Ó wò wọ́n. Ó gbé ọ̀kan sún mọ́ fèrèsé, ó gbé e padà, ó gbé èkejì. Ó gbé méjèèjì kalẹ̀, ó ń wo àgbọ̀n kan, ó ń wo èkejì.

"Báwo lo ṣe ń yà wọ́n?" mo bi í. Ohùn mi ti rọ̀.

"Bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi náà ni. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í ya nǹkan látinú orí, orí a máa purọ́. Àwòṣe gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹni. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ni mo yà á látinú orí, torí mo ṣì ń rí i ketekete. Látìgbà yẹn, ti àná ni mò ń gbé kọ́ iwájú, kí n má baà ṣì í."

Aránṣọ ni mí, kò níláti ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo aránṣọ ló mọ̀ pé èèyàn kì í fi apá aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé gé òmíràn. Ìdí bébà àkọ́kọ́ tí a gé ìwọ̀n sí lèèyàn ń padà sí. Bí o bá ń fi èkejì gé ẹ̀kẹta, tí o fi ẹ̀kẹta gé ẹ̀kẹrin, díẹ̀ bí okùn òwú lo máa ń fi kún un, o kò sì ní mọ̀, àfi ọjọ́ tí o bá gbé apá aṣọ kan sókè tó jẹ́ pé òmìrán nìkan ló lè wọ̀ ọ́.

"Àkọ́kọ́ yìí ni kí o máa gbé kọ́ iwájú láti òní lọ," mo ní. "Kò tíì bàjẹ́."

Ó di ojú, ó sì pẹ́ kó tó là á.

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí mo bá di ojú, obìnrin yìí ni mò ń rí." Ó fọwọ́ kan etí pátákó ìkẹyìn. "Òun ni mò ń rí lójú àlá pàápàá. Èyí àkọ́kọ́ yìí... ẹ má bínú. Bí mo ṣe ń wò ó, bí àlejò ló rí lójú mi."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú eruku pákó, ó sì sunkún. Ẹkún tí mo ti ń retí lójú rẹ̀ láti ọjọ́ ìsìnkú, ó dé wàyí, inú mi kò sì dùn sí i rárá. Ṣé nítorí èyí ló ṣe ṣí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kẹta? Ẹ̀rù ìgbàgbé ló ń bà á. Ó ń sáré kó má baà gbàgbé, eré náà ló sì mú un gbàgbé. Mo kàn bu omi fún un mu, mo bá a jókòó.

Kò dáwọ́ dúró o. Ọdún kan ló sọ pé òun máa fi yà á, ọdún kan náà ló fẹ́ kó pé. Pátákó àkọ́kọ́ ló wá ń gbé síwájú, èmi náà a máa yà níbẹ̀ lọ́sàn-án láti bá a ṣọ́ ọ.

"Gbé ìpéǹpéjú yẹn wálẹ̀."

"Báyìí?"

"Wálẹ̀ sí i. Ṣé o ò purọ́ fún un rí ni?"

Ìyẹn pa á lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ojú àbúrò mi padà sórí pátákó, ṣùgbọ́n kò padà sọ́kàn ọkọ rẹ̀. Ó ní bí ìgbà tí òun ń ya ojú oníbàárà ló rí lára òun.

Nígbà tí ọdún pé, mo mú ọmọ dání lọ. Ó ti ń rìn, ó ń ṣubú, ó ń dìde. Búrọ́ọ̀ṣì ti tú gbogbo pátákó kúrò lára ògiri, ó ti dì wọ́n. Méjì péré ló wà lórí tábìlì. Ó gbé ti àkọ́kọ́ lé mi lọ́wọ́.

"Ti ọmọ nìyí. Kó wà lọ́dọ̀ yín."

"Èyí ńkọ́?" Obìnrin àjèjì yẹn ni. Ó ti wà lọ́kàn mi pé iná ni n ó sọ sí i.

"Ẹ jẹ́ kí n mú un, Ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ṣùgbọ́n òun ni mo bá sunkún, òun ni mò ń kí láràárọ̀. Mi ò lè jù ú nù."

Ká ní ìgbà ìbínú mi ni, n bá là á mọ́ ọn lórí. Mo yọ aṣọ kan nínú báàgì mi, mo bá a fi dì í.

Nílé, mo kan ìṣó mọ́ ògiri níbi tí ọwọ́ ọmọ lè tó, mo gbé pátákó náà kọ́. Kí n tó pe ọmọ, mo ní kí n kọ́kọ́ fi ojú tó wà lọ́kàn mi yẹ̀ ẹ́ wò, bí mo ṣe máa ń tún aṣọ wọ̀n kí oníbàárà tó dé. Mo di ojú. Mo wá àbúrò mi níbi tí mo ti sábà máa ń rí i, tó ń ká aṣọ lórí okùn. Ó yíjú sí mi. Ọ̀dà ló wà lójú náà, mo sì rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀. Mo wá a níbòmíràn, nígbà tí a wà lọ́mọdé, tí a ń sùn sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà. Ojú pátákó yẹn náà ni, lórí ọrùn ọmọdé. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lóòótọ́. Bóyá ọkọ rẹ̀ ti ṣì í láti ọjọ́ àkọ́kọ́, tí èmi sì fi ẹkún gbà á bẹ́ẹ̀. N kò mọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè bi.

Ọmọ ti dé ẹ̀yìn mi. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí i sí ògiri. Ó na ọwọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ obìnrin náà, ó wá wo ojú mi, ó ń dúró de ohun tí n ó sọ.

Mo ní, "Màmá rẹ nìyí." Ẹ̀rù bà mí bí mo ṣe sọ ọ́, mo sì tún un sọ.